"Mọ Ìyàtọ̀" àti "Dá Mọ̀" nínú Ìtàn Ọjà Apòmù

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "mọ ìyàtọ̀" àti "dá mọ̀" a máa gba ipò ara wọn. Ìtàn ọjà Apòmù kò fara mọ́ èyí. Láti inú "yà" àti "ọ̀tọ̀" ni "yàtọ̀" ti wá, ìparójẹ fáwẹ́lì ni ó so wọ́n pọ̀. Nǹkan lè yàtọ̀ láìsí ẹni tí ń wò ó. "Dá mọ̀" ní tirẹ̀ kò lè ṣe aláìní olùwà àti àbọ̀: ẹnìkan ni yóò dá ẹlòmíràn mọ̀.

Ìlú Ifẹ̀ ni Apòmù, nítòsí Ìkirè. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé fún òwò. Ìyàtọ̀ kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀: ilà ojú wà, ẹ̀ka-èdè sì wà. Síbẹ̀ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń jí ọmọ Ọ̀yọ́ tà. (Ilà tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ààbò kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí yóò kà á.)

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé Baálẹ̀ Apòmù ni ó ń ṣọ́ ọjà náà nítorí èyí. Nígbà tí Awólẹ̀, kí ó tó jọba, ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, Baálẹ̀ dá ọkùnrin náà mọ̀, ó gbà á sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n na Awólẹ̀. Awólẹ̀ mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju Baálẹ̀ lọ. Ó mọ ìyàtọ̀ ọmọlúwàbí àti ẹrú dájú. Ìmọ̀ nìkan ni tirẹ̀. Ìyapa ẹni kúrò lára ọjà títà ni "dá" fi kún un, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni, kì í ṣe ti ojú.

Iṣẹ́ náà ní ewu. Nígbà tí Awólẹ̀ di Aláàfin lẹ́yìn Abíọ́dún, tí ó wàjà ní 1789, ó wá ẹ̀san. Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ, ṣùgbọ́n Ọọ̀ni kò lè dáàbò bò ó. Ó pa ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́.

Ìjínigbé kò dáwọ́ dúró. Johnson kà á sí ìdí tí Òwu fi kọlu Apòmù, Ìkirè àti àwọn ìlú Ifẹ̀ mìíràn. Ìjà lórí ataare ní ọjà kan náà ni ó fa Ìjẹ̀bú sí ẹ̀yìn Ifẹ̀. Òwu sì fọ́ ní àwọn ọdún 1820.