Ojú Ìwé Tí A Pín sí Méjì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ má sá o. Ẹ fi àmì méjì sójú pátákó: ìlà tààrà kan ṣoṣo ló lè so wọ́n pọ̀. Ẹ wá pààrọ̀ ọ̀rọ̀: ìlà tààrà méjì, ojú àmì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń pàdé. Ẹnì kan á ní, “Ojú irin rélùwéè ńkọ́?” Òótọ́ ni, kì í pàdé. Àwọn onímọ̀ yìí ló gbà pé kí a ka ọ̀kánkán réré, níbi tó ti ń jọ pé wọ́n pàdé, sí àmì kan, kí òfin má baà yẹ̀.

Jean-Victor Poncelet, ọ̀dọ́ sójà ilẹ̀ Faransé, ni àwọn ará Rọ́ṣíà mú lóǹdè ní 1812. Ní Saratov, láìsí ìwé lọ́wọ́, orí lásán ló fi ń ṣe jiọ́mẹ́tírì. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1822. Lójú tirẹ̀, kí a tó sọ àmì di ìlà, a gbọ́dọ̀ ya òbìrìkítí tàbí irú rẹ̀ síbẹ̀ ná. Joseph Gergonne ní rárá, ọ̀rọ̀ la ó kàn pààrọ̀. Ní 1826 ó pín ojú ìwé sí méjì nínú ìwé ìròyìn ìṣirò tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀: òfin kan lápá kan, èkejì rẹ̀ ní ìdojúkọ rẹ̀.

Ẹ wo èrè ibẹ̀. Ní 1639, Pascal, ọmọ ọdún 16, rí i pé bí igun mẹ́fà bá wà lára òbìrìkítí, àwọn ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọra yóò pàdé ní ojú àmì mẹ́ta, orí ìlà kan náà sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà. Ó di 1806 kí Brianchon tó rí èkejì rẹ̀: bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà bá fara kan òbìrìkítí, ìlà mẹ́ta tó so àwọn igun tó dojú kọra pọ̀ yóò gba ojú àmì kan náà kọjá. Ọdún 167, lórí ohun tí pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ ì bá mú wá lọ́sàn-án kan!

Poncelet bínú gidi, ó ní òun lòun ni ín. Ẹ̀yìn Gergonne lèmi wà, àmọ́ òun náà ṣì í. Ó rò pé bí ìlà tó tẹ̀ bá ṣe díjú tó lápá kan ni yóò ṣe díjú tó lápá kejì. Poncelet tọ́ka àṣìṣe náà, Gergonne sì tún un ṣe.

Lọ́jíìkì, tí àwọn tó ka kéú jìnnà mọ̀ sí mantiq, kò gbẹ́yìn. Bí mo bá ní, “Irọ́ ni pé Ràbíù àti Sálíù wá,” ohun tí mo sọ ni pé Ràbíù kò wá tàbí Sálíù kò wá. “Àti” ti di “tàbí”. Àwọn àgbà onímọ̀ Yúróòpù ìgbàanì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ De Morgan (1806–1871) ló mọ́ ọn lára. Nígbà tí Ernst Schröder ará Jámánì tẹ ìwé lọ́jíìkì tirẹ̀ ní 1877, ó pín ojú ìwé sí méjì bíi ti Gergonne: “àti” lápá kan, “tàbí” lápá kejì. Kò sí àmì tàbí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́.