Ṣé Kòtò Nìkan Ló Kù ní Jos? Àyẹ̀wò Àwọn Ilé Tí Ìwakùsà Tánńganran Fi Sílẹ̀

Àwọn onímọ̀ kan ń tẹnu mọ́ ọn pé ìwakùsà tánńganran kò fi ilé gidi kankan sílẹ̀ ní Òkè Jos, àfi kòtò tó kún fún omi àti òkìtì yanrìn. Ohun tí wọ́n rí ní Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi ń wọn tiwa. Inú àpáta ni tánńganran wà níbẹ̀. Kòtò jìn, omi ń sun wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ máa fà á jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ilé olókùúta tí UNESCO forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2006. Inú yanrìn odò àtijọ́ ni ti Jos wà. Bí wọ́n bá wa ibì kan tán, wọ́n á tú páànù àti òpó, ó di ibòmíràn.

Nítorí náà, mo ya ilé ẹnu kùsà sọ́tọ̀ kúrò lára ilé tí wọ́n kọ́ nítorí kùsà. Ti àkọ́kọ́ kì í pẹ́ nílẹ̀. Èkejì ló ń dúró. Ní 1923, àwọn awakùsà gbé ẹ̀rọ iná mẹgawáàtì 2 kalẹ̀ ní ìtàkùn omi Kwall. NESCO, ilé iṣẹ́ apèsè iná, tẹ̀ lé e ní 1929, ó sì kọ́ tirẹ̀ sí Kurra: omi ń gba inú páìpù já wálẹ̀ láti orí òkè, ó ń yí tọ́báìnì nínú ilé tó wà nísàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹn á ní ilé iṣẹ́ iná nìyẹn, kì í ṣe ti kùsà. Ta ni wọ́n kọ́ ọ fún nígbà náà? Ṣé torí pé aráàlú ń fi iná rẹ̀ lọta lónìí ló ṣe yẹ ká yọ ọ́ kúrò? Bákan náà ni ilé ìyọ́ tánńganran Makeri, tí wọ́n kọ́ sí Jos láyìíká ìgbà òmìnira. Kó tó débẹ̀, ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ń yọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kò sí ilé tó kù kò tíì wo ibi tí ilé wà.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ojú irin. Ní 1914, ọkọ̀ ojú irin kékeré láti Zaria wọ Bukuru. Títí di 1927 tí ojú irin Kafanchan dé Jos, ọ̀nà yìí ni ẹrù tánńganran ń gbà dé Zaria, kó tó bọ́ sí ojú irin Èkó tó ń gba Agége kọjá, nítòsí Alímọ̀ṣọ́. Ọ̀nà yìí àti àwọn tó gbà á ni ìwádìí mi tó kàn dojú kọ, pàápàá àwọn ọmọ Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ṣòwò ní Jos. Ẹni tó bá wà ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàńdò ní Alímọ̀ṣọ́, tí òbí rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní kùsà, tí àwòrán sì kù nínú àpótí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká rí i.