Àrùn Prion

Àrùn prion ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn àìsàn ọpọlọ tí purotéènì tó ká wọ́ lódì ń fà lára ènìyàn àti ẹranko. Purotéènì yìí ti wà lára tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti yí padà, a máa sọ àwọn yòókù di irú ara rẹ̀. Wọn a ṣù jọ, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ a máa kú, ihò wẹ́wẹ́ a sì dá sí ọpọlọ bíi ti fóòmù. Aláìsàn a máa gbàgbé nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ranlẹ̀ mọ́. Kò tíì sí ìwòsàn. Ikú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Stanley Prusiner, ará Amẹ́ríkà, ló sọ purotéènì náà ní prion ní 1982. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1997. Nínú àwọn àrùn prion tó ń ṣe ènìyàn, àrùn Creutzfeldt-Jakob ló wọ́pọ̀ jù.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ kéde irú àrùn prion kan lára ràkúnmí tí wọ́n kó wá sí ilé ìpẹran ní Ouargla, ní Àlgéríà. Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà, nítorí wọ́n ń jẹ ẹran ràkúnmí lókè Ọya, sísè lásán kò sì lè pa prion run.