Ìmọ̀ràn fún Àwọn Olùgbé Ọgbà Tí Ó Fẹ́ Máa Jẹ Oúnjẹ Ewéko Nìkan

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà sílẹ̀ ní Ọgbà kò ní láti wá oúnjẹ àjèjì. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, àkàrà, gbẹ̀gìrì àti mọ́ínmọ́ín tí kò ní edé tàbí ẹyin ń fún ara ní èròjà amáradàgbà. Ẹ dín ẹran kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹ̀bà tàbí búrẹ́dì nìkan dípò rẹ̀. Ẹ máa jẹ ọsàn pẹ̀lú ẹ̀fọ́, kí ara lè gba èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í rí fítámì B12 tí ó tó nínú ewéko. Àìtó rẹ̀ ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí ó tó farahàn. Nítorí náà, a rọ̀ yín, pàápàá ẹ̀yin aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ, kí ẹ kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn lórí B12 ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín.