Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Bí In-N-Out Ṣe Ń Yan Ibi Tí Yóò Ti Ta Bọ́gà

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́." Tálákà àti ọ̀dọ́ ni àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tó ju agbára rẹ̀ lọ, ẹni tó fẹ́ yáwó kọ́lé alájà méjì nígbà tí kò tíì rówó ra ilẹ̀, irú wọn ni àgbà ń wò tí yóò fi rántí eku. Lílò yẹn dára, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ fún eku pé kó máa gbé inú ìtẹ́ kékeré. Ara eku fúnra rẹ̀ ló pè ní òṣùwọ̀n: bí òkété bá tóbi, ihò rẹ̀ yóò tóbi, ẹ̀lírí ní tirẹ̀ kò ní kí òun gbẹ́ ihò òkété. Kí eku tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, ó ti yẹ kó mọ bí ara òun ṣe tó.

Nígbà tí tálákà bá ń tẹ̀ lé òwe yìí, ipá ló ń mú un. Kò ní ohun mìíràn tó lè ṣe. Ìgbà tí olówó bá ń tẹ̀ lé e, tí àwọn èèyàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀, tí owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń sọ pé "ó ti tó," ìgbà náà ni a tó lè rí bí òwe náà ṣe jinlẹ̀ tó. Irú olówó bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. In-N-Out Burger ni orúkọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1948, Harry Snyder àti Esther ìyàwó rẹ̀ ṣí ìsọ̀ kékeré kan sí Baldwin Park, lẹ́bàá Los Angeles ní ìpínlẹ̀ California. Ẹni tó bá wá ra bọ́gà kò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Yóò sọ ohun tó fẹ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọn yóò sì gbé oúnjẹ fún un lójú fèrèsé. Harry a máa jí lọ sọ́jà láàárọ̀ láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ẹran àti ewébẹ̀, Esther a sì máa ṣírò owó. Nígbà tí Harry fi máa kú ní 1976, lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀ka 18 péré ni wọ́n ní.

Nínú ọdún 1948 yẹn kan náà, ní San Bernardino, tí kò ju ìrìn bí wákàtí kan lọ nínú mọ́tò sí Baldwin Park, àwọn ọmọ ìyá méjì kan tún ilé oúnjẹ tiwọn tò kí bọ́gà lè máa yá lọ́wọ́ wọn. McDonald ni orúkọ wọn. Lónìí, ilé oúnjẹ McDonald's lé ní 40,000, ní orílẹ̀-èdè tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ti In-N-Out ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní 400 ni, Amẹ́ríkà nìkan ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Ọdún kan náà, agbègbè kan náà, oúnjẹ kan náà. Ibo ni wọ́n ti pínyà?

Ẹran ni ká kọ́kọ́ wò. In-N-Out kì í jẹ́ kí ẹran màlúù rẹ̀ dì rárá. Ilé-iṣẹ́ náà ní ilé ẹran tirẹ̀ ní Baldwin Park, ní Lathrop ní àárín California, ní Dallas ní Texas àti ní Colorado Springs. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ eegun kúrò, tí wọ́n ń lọ ẹran, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní pẹlẹbẹ, kí ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúǹkantutù tó gbé e lọ sí àwọn ilé oúnjẹ. Kò sí ẹ̀rọ tí ń mú ẹran dì nínú ilé oúnjẹ wọn, kò sì sí máíkírówéèfù. Ẹni tó bá dúró níwájú káńtà wọn yóò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe pòtétò: òṣìṣẹ́ kan á mú odidi pòtétò kan, á gbé e sínú irin tó ní ojú bíi àwọ̀n, á fa ọ̀pá irin náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pòtétò á sì jábọ́ sínú ike ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Láti ibẹ̀, inú òróró gbígbóná ló kù. Oúnjẹ tí a ń ṣe báyìí kò lè jìnnà sí ibi tí nǹkan rẹ̀ ti ń wá. Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé ilé oúnjẹ kankan kò gbọdọ̀ kọjá ìrìn ọjọ́ kan fún ọkọ̀ tó ń gbé ẹran.

Òfin yìí ló ya àwòrán ilẹ̀ wọn. Fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, inú California nìkan ni wọ́n wà. Ní 1992 ni wọ́n tó kọjá sí Las Vegas ní Nevada, ìlú tí ọkọ̀ tó bá gbéra ní Los Angeles ní ìdájí lè dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Arizona tẹ̀ lé e ní 2000, Utah ní 2008. Nígbà tí wọ́n wọ Oregon ní 2015, ẹnikẹ́ni tó bá ń wá èrò àti owó ì bá lọ sí Portland, ìlú tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ náà. Medford ni wọ́n lọ, ìlú kékeré kan ní gúúsù, nítòsí ẹnu ààlà California, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ Lathrop. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gòkè dé Keizer. Idaho kò rí tiwọn títí di 2023.

Texas ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi jù. Kò sí bí ẹran tó gbéra ní California ṣe lè dé ìhà Dallas ní Texas láàárín ọjọ́ kan. Oníṣòwò mìíràn ì bá ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹran dì fún ọjọ́ méjì péré, kí wọ́n sá ti dé ọjà ńlá yẹn ná. Ilé ẹran ni In-N-Out lọ kọ́ sí Dallas, àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ Dallas, Frisco àti Allen, ló sì kọ́kọ́ jẹ bọ́gà wọn ní 2011. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe ní Colorado ní 2020, tí ilé ẹran Colorado Springs fi wà ṣáájú kí àwọn ẹ̀ka tó máa pọ̀. Bí ara eku bá fẹ́ tóbi sí i, ó gbọ́dọ̀ tóbi kí ihò tó fẹ̀.

Owó ni ìdí kejì, a kì í sì í sábà sọ ọ́ nígbà tí a bá ń yin In-N-Out. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ McDonald's kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà gan-an. Ẹlòmíràn ló ń sanwó kó lè lo orúkọ, òun ni yóò gba òṣìṣẹ́, òun ni yóò sì jẹ èrè tàbí kó jẹ gbèsè. Ray Kroc, ẹni tó sọ McDonald's di ńlá láti 1955, a máa wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré láti wá ibi tó dára lókè, á máa wo ibi tí ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí, torí ibẹ̀ ni àwọn ìdílé ń gbé. Harry Sonneborn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá dámọ̀ràn ohun tó yí gbogbo nǹkan padà: kí ilé-iṣẹ́ gba ilẹ̀ ibi tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n sì wá fi háyà fún ẹni tí yóò ta bọ́gà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni owó ilẹ̀ ti ń wọlé fún wọn, yálà bọ́gà tà lọ́jọ́ náà tàbí kò tà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba owó ilẹ̀ yóò máa wá ibi tuntun títí ni, nítorí gbogbo ibi tuntun ló ń mówó wá fún un.

In-N-Out kì í ta orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló ni gbogbo ẹ̀ka, òun ló ń sanwó gbogbo òṣìṣẹ́. Lójú irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka tuntun jẹ́ ọmọ tuntun tí yóò jẹun tí yóò sì wọṣọ lọ́rùn òbí. Èmi kò sọ pé McDonald's ṣe burúkú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń jẹun ló ń yan ibi tí wọ́n ń lọ fún wọn. Ọ̀nà tí In-N-Out gbà ń jẹun ló sì ń dá a dúró.

Òṣìṣẹ́ ni ìdí kẹta. Àwọn àgbà tún ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ní 1984 ni In-N-Out dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Baldwin Park fún àwọn tí yóò máa ṣe alábòójútó ẹ̀ka. Àárín àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni alábòójútó ti ń wá. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ níbi pòtétò lè di ọ̀gá. Ní 2018, ìròyìn tàn káàkiri pé alábòójútó ẹ̀ka wọn ní California ń gba ohun tó lé ní 160,000 dọ́là lọ́dún. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí ẹ̀ka sí ibi tuntun, àwọn tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀ láti kọ́ àwọn ẹni tuntun. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà, a ò lè fi owó rà á lóòjọ́. Houston kò jìnnà sí Dallas ju ibi tí ọkọ̀ ẹran lè dé lọ, síbẹ̀ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi dúró. Ní 2019, wọ́n ṣí ní Katy àti ní Stafford, lẹ́bàá Houston. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìhà ibẹ̀ mọ Stafford dáadáa, torí àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀, àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn àti ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ra ẹ̀gúsí àti èlùbọ́.

Kí n má gbàgbé ti ọ̀nà. Ibi tí In-N-Out ń wá sábà máa ń wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí ìlà mọ́tò má baà dí títì mọ́ àwọn ará àdúgbò. Nígbà tí wọ́n ṣí ní Aurora, Colorado, ní oṣù kọkànlá 2020, ìròyìn gbé e pé àwọn kan jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlá kí wọ́n tó jẹun. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ ìlú kan fi ń fura sí wọn tí wọ́n bá wá gba ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ibi tó le. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta 2024, In-N-Out ti ẹ̀ka rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Oakland, nítòsí pápákọ̀ òfurufú ìlú náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti 1948 tí wọn yóò ti ẹ̀ka pa pátápátá láìkó o lọ sí ìtòsí ibẹ̀. Ọjà ń tà níbẹ̀, èrè sì ń wọlé. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà sọ ni pé àwọn olè ń fọ́ mọ́tò àwọn oníbàárà, wọ́n ń jalè, wọ́n sì ń fi ìbọn ja àwọn èèyàn àti òṣìṣẹ́ lólè. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ẹ̀ka mìíràn tàbí kí wọ́n gba owó ìdágbére. Ó dùn mí fún àwọn ará ìlà-oòrùn Oakland. Àdúgbò tí iṣẹ́ kò pọ̀ sí pàdánù ibi tí ọ̀dọ́ ti lè rí iṣẹ́ tó ń sanwó gidi, àwọn tí kì í jalè ló sì jìyà rẹ̀ jù. Síbẹ̀, n kò rí bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ ṣe lè máa rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi tí ìbọn ń dún nítorí pé owó ń wọlé. Ìjọba ìlú ló yẹ kí a bi léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àdúgbò náà.

Ìdílé Snyder kò ṣàì rí ìdí tí wọn ì bá fi ta In-N-Out. Rich, ọmọ Harry, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní oṣù Kejìlá 1993, nígbà tí ẹ̀ka jẹ́ 93. Guy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú ní 1999. Esther kú ní 2006. Lynsi, ọmọ Guy, di ààrẹ ilé-iṣẹ́ ní 2010, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bó bá ta ìpín ilé-iṣẹ́ náà fún aráyé, owó tí yóò wọlé kò ní kékeré, àwọn tó bá rà á yóò sì máa pariwo pé kí ẹ̀ka máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò ní tà á, àti pé kò wu òun kí a máa rí In-N-Out ní gbogbo kọ́nà.

Ní oṣù kìíní 2023, wọ́n kéde pé àwọn ń lọ sí Tennessee, pé ọ́fíìsì ńlá fún ìhà ìlà-oòrùn yóò wà ní ìlú Franklin. Lynsi fúnra rẹ̀ sọ ní 2025 pé òun àti ìdílé òun ń kó lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Texas lè dé Tennessee, ìyẹn ló fi ṣeé ṣe. Àwọn ará Florida ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà, ó sì dáhùn pé rárá. Àwọn ìpínlẹ̀ etíkun ìlà-oòrùn yòókù gbọ́ ìdáhùn kan náà. Lójú tèmi, ó jàre wọn.