Aldabra: Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ mọ̀

Aldabra jẹ́ erékùṣù tí òkúta iyùn dá sílẹ̀ nínú Òkun Íńdíà, lábẹ́ orílẹ̀-èdè Seychelles. Ó jìnnà ju 1,100 kìlómítà lọ sí Mahé, níbi tí olú ìlú Seychelles wà. Òkúta iyùn yìí ló yí ọ̀sà ńlá kan ká. Yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ àti olùwádìí díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn onílé gan-an ni alábahun ńláńlá, tí wọ́n lé ní 100,000.

Àṣẹ ni àkọ́kọ́

Àjọ Seychelles Islands Foundation ló ń bójú tó Aldabra láti 1979. Láìsí ìyọ̀ǹda wọn, àlejò kankan ò gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀. Àlejò á sanwó, ìtọ́jú ibẹ̀ sì ni owó náà wà fún.

Kí èrò tó wọ bàálù lọ sí Seychelles, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìrìnnà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ á mú yẹ́lò káàdì rẹ̀ dání.

Ọkọ̀ ojú omi ni

Kò sí pápákọ̀ òfúrufú ní Aldabra, kò sì sí òtẹ́ẹ̀lì. Inú ọkọ̀ ojú omi làwọn àlejò ń sùn. Láti bíi oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ líle máa ń ru òkun sókè. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún ọ̀sà, tó tún ń fà. Ìgbà tí omi bá kún ni ọkọ̀ kékeré lè rìn dáadáa nínú rẹ̀.

Bàtà àti báàgì

Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á yẹ bàtà àti báàgì wò dáadáa, torí èso igbó, kòkòrò tàbí eku. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣejù. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí kò lè fò. Ológbò táwọn èèyàn kó wá pa á tán ní Picard, wọ́n sì ní láti tún kó o padà síbẹ̀ ní 1999.

Àwọn atukọ̀ ìgbà kan ti jẹ alábahun ńlá tán ní Mauritius àti Réunion. Ní 1874, Charles Darwin wà lára àwọn tó kọ̀wé sí gómìnà Mauritius pé kó dáàbò bo ti Aldabra kó tó pẹ́ jù.

Ẹni tí àyè ò bá gbà

Wọ́n ti kó alábahun Aldabra lọ sí erékùṣù Curieuse, nítòsí Praslin. Ìrìn díẹ̀ ni lórí ọkọ̀ ojú omi, àlejò á sì rí wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ̀ kiri.