Kógbá wọlé

Ilé ìtajà ńlá kan ti ẹ̀ka méjì pa, àwọn oníròyìn ní ó ti kógbá wọlé. Ẹnu wọn ti yá jù. Kó, igbá, wọlé: gbogbo igbá ọjà ló kúrò lórí àtẹ. Ẹni tó kàn ti ẹ̀ka pa tàbí tó dá òṣìṣẹ́ dúró ṣì ń tajà, kò tíì kógbá wọlé. Palẹ̀ mọ́ náà yàtọ̀. Ẹni tó palẹ̀ mọ́ lálẹ́ lè pàtẹ lọ́la. Àpẹẹrẹ: "Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, Woolworths ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kógbá wọlé ní oṣù Kìíní, 2009." Ìsọ̀ tó lé ní 800 ló tì pa, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ nǹkan bí 27,000 ènìyàn. Woolworths ti South Africa, tí kò bá a tan, kàn kó kúrò ní Nàìjíríà ní 2013 ni; ó ṣì ń tajà nílé.